Oúnjẹ Eku Tí Glenys Trevorrow Gbé Lọ Sílé

Àwa tí a bá Glenys Trevorrow ṣiṣẹ́ ní ilé eku kò mọ̀ ọ́n sí ẹni tó lè mú ohun tí kì í ṣe tirẹ̀. Bí ó bá dé ilé tó rí bírò ẹlòmíràn nínú àpò rẹ̀, yóò dá a padà láàárọ̀ ọjọ́ kejì, yóò sì tún tọrọ àforíjì lé e. Ìdí nìyẹn tí ọ̀rọ̀ náà fi ya gbogbo wa lẹ́nu nígbà tó hàn síta. Àwọn tó ń sọ ọ́ kiri ìlú wa, Adelaide, ń sọ ọ́ bí ìtàn olè. Èmi jókòó ti obìnrin náà nígbà tó ń ṣẹlẹ̀ àti lẹ́yìn tó ṣẹlẹ̀ tán, mo sì mọ̀ pé kì í ṣe ìtàn olè.

Moonta, ní etí òkun, ni wọ́n ti bí i. Ibẹ̀ ni àwọn baba ńlá rẹ̀ ti Cornwall lókè òkun wá láti wa bàbà nínú ilẹ̀. Kí wọ́n tó bí Glenys, bàbà ti tán pátápátá, ọkà báálì àti àgùntàn ni baba rẹ̀ ń ṣe. Ọmọ tó bá dàgbà láàárín àgùntàn kì í bẹ̀rù ẹ̀jẹ̀ tàbí ìgbẹ́, ó sì máa ń mọ ẹran tí nǹkan ń ṣe kí ẹran náà tó dùbúlẹ̀. Nígbà tó wá sí Adelaide, ó fẹ́ Murray, dírẹ́bà bọ́ọ̀sì, ọkùnrin gíga kan tó máa ń súfèé lórí iṣẹ́ títí àwọn èrò fi ń bẹ̀ ẹ́ pé kó yí orin náà padà. Ọmọ kan ṣoṣo ni wọ́n bí, Kerensa, tó di olùkọ́ ní Kadina, nítòsí Moonta. Lẹ́yìn tí ọmọ ti kúrò nílé ni Glenys wá gba iṣẹ́ lọ́dọ̀ wa ní yunifásítì kan tí n kò ní dárúkọ.

Ìsàlẹ̀ ilẹ̀ ni ilé eku wà. Kí o tó wọ ibẹ̀, wàá wẹ̀, wàá pààrọ̀ aṣọ, wàá bo orí, wàá bo ẹnu. Afẹ́fẹ́ tó ń wọlé pàápàá, sísẹ́ ni wọ́n ń sẹ́ ẹ. Bí òtútù bá mú ọ, ilé ni wàá jókòó sí títí ara rẹ yóò fi yá, nítorí pé ikọ́ ẹnì kan lè ba iṣẹ́ ọdún mélòó kan jẹ́. Iṣẹ́ wa kò le: a ń pààrọ̀ ẹní wọn, à ń bu omi, à ń bu oúnjẹ, a sì ń gbé èyí tó bá kú jáde. Ṣùgbọ́n eku tiwa kì í ṣe eku tí wọ́n ń pa ní kékeré. Ńṣe la ń tọ́ wọn kí wọ́n lè darúgbó.

Ẹni tó ni iṣẹ́ ìwádìí náà ni Dókítà Ruwan Abeysekera. Ìlú Kandy, lókè òkun, ni wọ́n bí i sí, àwọn òbí rẹ̀ ló gbé e wá nígbà tó wà ní kékeré. Aràn ló fi bẹ̀rẹ̀, aràn tíntìnrín kan tó jẹ́ pé o kò ní tètè rí i bí o kò bá fi awò wò ó. Ó sọ fún wa pé bí wọ́n bá ba àbùdá kan ṣoṣo jẹ́ nínú aràn náà, á lo ìlọ́po méjì ọjọ́ ayé rẹ̀. Lẹ́yìn aràn, ó lọ sórí eṣinṣin, ó sì wá dé orí eku. Ìbéèrè kan náà ló ń gbé kiri: kí ló ń sọ ẹran ara di ogbó, ta ló sì pàṣẹ fún un?

Ó máa ń ṣàlàyé fún wa nídìí tíì, kì í fi ìmọ̀ rẹ̀ gbéraga. Ó ní nínú sẹ́ẹ̀lì kọ̀ọ̀kan tó wà lára wa, ó dà bíi pé alábòójútó kan wà níbẹ̀. Nígbà tí oúnjẹ bá pọ̀, alábòójútó yìí á máa pariwo pé kí wọ́n kọ́lé, kí wọ́n kọ́lé, kò sì ní sí ẹni tó ráyè gbálẹ̀. Bí ebi bá dé, ẹnu rẹ̀ á wọhò, sẹ́ẹ̀lì náà á wá gbá ilé rẹ̀, á kó pàǹtí, á tilẹ̀ jẹ pàǹtí náà. Pàǹtí tí kò sí ẹni tó kó ló ń di ogbó. Oògùn tí à ń fún àwọn eku, nínú iyẹ̀pẹ̀ erékùṣù kan tó jìnnà réré láàárín òkun Pàsífíìkì ni wọ́n ti kọ́kọ́ rí i. Ohun tó ń ṣe ni pé ó ń pa alábòójútó yẹn lẹ́nu mọ́ láìjẹ́ pé ebi pa ẹnikẹ́ni. Ruwan tún sọ pé oògùn yìí kan náà ni wọ́n ń fún ẹni tí wọ́n bá fi kíndìnrín ẹlòmíràn sí lára, kí ara rẹ̀ má baà bá kíndìnrín àlejò náà jà. Gbogbo wa la gbọ́ gbólóhùn yẹn. Glenys náà gbọ́ ọ.

Káàdì búlúù wà lára àgò àwọn tó ń jẹ oògùn, káàdì funfun wà lára ti àwọn tí kò jẹ ẹ́. Ní ìbẹ̀rẹ̀, ọ̀kan náà ni gbogbo wọn. Nígbà tó pẹ́, àwọn onífunfun bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀ bí àgbà tí ẹ̀yìn ń dùn, irun wọn rẹ̀ dànù, wọ́n ń jókòó sí igun kan. Àwọn oníbúlúù ṣì ń gun orí àgò, irun wọn ń dán. Glenys máa ń dúró níwájú wọn ju bí iṣẹ́ ṣe gbà lọ. Mo rò pé ó fẹ́ràn wọn ni.

N kò tíì mọ ohun tó ń lọ nílé rẹ̀. Murray ti fẹ̀yìn tì nígbà náà. Lọ́jọ́ kan, Glenys ní kó lọ ra mílíìkì ní òpópónà Unley, ibi tí wọ́n lè fi ẹsẹ̀ rìn dé. Murray gbé mọ́tò kékeré wọn, ó sì wa ọ̀nà bọ́ọ̀sì rẹ̀ àtijọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, ó ń dúró ní ibùdókọ̀ kọ̀ọ̀kan. Nígbà tí wọ́n rí i, ó jókòó jẹ́ẹ́ ní ìdíkọ̀ tó kẹ́yìn, ó ṣílẹ̀kùn mọ́tò sílẹ̀, ó ń retí èrò. Dókítà wọn yẹ̀ ẹ́ wò. Ó ní iyè rẹ̀ ló ń gbó, pé ó lè máa rọra lọ bẹ́ẹ̀ fún ìgbà díẹ̀, ó sì lè yára, ṣùgbọ́n kò sí oògùn tó ń dá a padà.

Ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an ni Glenys dá Ruwan dúró níbi tí a ti ń fọ àgò. Èmi wà níbẹ̀, mo ń fọ tèmi.

"Ruwan, bí èèyàn bá jẹ oògùn yìí ńkọ́?"

Ruwan rẹ́rìn-ín. "Gbogbo èèyàn ló ń bi mí bẹ́ẹ̀. Ìyá mi ló kọ́kọ́ bi mí."

"Èmi kọ́ ni ìyá ẹ. Dá mi lóhùn."

Ó rí i pé kò ṣeré. Ó ní, "Glenys, ẹ wo ibi tí àwọn eku yìí ń gbé. Àrùn kan kì í wọlé tọ̀ wọ́n. Ta ló ń gbé irú ilé báyìí nínú wa? Oògùn yìí lè mú kí ohun tó ń bá wa gbógun ti àrùn sùn lọ. Bóyá lọ́jọ́ kan a ó mọ ìwọ̀n tó dáa fún èèyàn. Ọdún mẹ́wàá, bóyá."

"Murray ò ní ọdún mẹ́wàá."

Ruwan fọwọ́ kan èjìká rẹ̀, ó ní ó dun òun, ó sì lọ sí ìpàdé tí wọ́n ń dúró dè é. Ó rò pé ìbànújẹ́ lásán ló ń sọ. Èmi náà rò bẹ́ẹ̀.

Oúnjẹ tí oògùn wà nínú rẹ̀ jẹ́ àwọn kóró aláwọ̀ ilẹ̀ tó le bí òkúta. Èyí tí àwọn eku bá jẹ kù, inú àpò là ń kó o sí kí wọ́n lè lọ sun ún. Glenys kò fọwọ́ kan èyí tí eku ń jẹ, kò sì sún mọ́ ibi tí oògùn fúnra rẹ̀ wà. Èyí tó wà fún iná ló ń bù díẹ̀díẹ̀ sínú àpò oúnjẹ ọ̀sán rẹ̀. Ó sọ fún mi lẹ́yìnwá pé òun ti sọ fún ara òun pé ẹni tó mú ohun tí wọ́n ti jù nù kò jalè. Nílé, á lọ̀ ọ́ nínú ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń lọ kọfí, á pò ó mọ́ ọ́òtì, ògì ọkà òyìnbó tó ń sè fún ọkọ rẹ̀ láàárọ̀, á fi oyin àti mílíìkì lé e.

Murray tọ́ ọ wò, ó wo àwo náà, ó wo ìyàwó rẹ̀.

"Glen, kí lo pò mọ́ nǹkan yìí? Ṣé ẹṣin ni mo dà ni?"

"Ó ń mú ikùn dáa. Dókítà ló ní kó o máa jẹ ẹ́."

"Dókítà yẹn ò fẹ́ràn mi rárá."

Ṣùgbọ́n ó jẹ ẹ́. Láràárọ̀ ló ń jẹ ẹ́ tán, á tún fi ṣíbí ha ìdí àwo, á ní kò dùn, á sì dúpẹ́. Glenys ní ìdúpẹ́ yẹn ló ń dun òun jù nísinsìnyí.

Ó dà bíi pé ó ń ṣiṣẹ́. Nígbà tí òtútù lọ tí ìgbà òdòdó dé, Murray pe ajá wọn ní orúkọ rẹ̀, Tuppence, orúkọ tó ti ń wá tipẹ́. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í súfèé. Ó bá Kerensa sọ̀rọ̀ lórí fóònù, ó béèrè ọmọ ilé ìwé kan tó máa ń yọ Kerensa lẹ́nu, ó sì rántí ohun tí ọmọ náà ṣe lóṣù tó kọjá. Kerensa ní, "Mọ́mì, ohùn Dádì ti padà o." Inú Glenys dùn débi pé a rí i lójú rẹ̀ níbi iṣẹ́. Mo bi í, ó ní ara Murray ń yá. Bóyá oògùn ni o, bóyá oòrùn tó padà dé ni, bóyá ìrètí ló ń fi etí Glenys gbọ́ràn, n kò mọ̀. Òun náà kò mọ̀ ọ́n títí dòní. Ọ̀nà tí Ruwan ń gbà mọ̀ ni pé kó fi àwọn onífunfun wé àwọn oníbúlúù. Glenys kò ní Murray méjì.

Lẹ́yìn náà ni egbò kéékèèké yọ sí ẹnu ọkùnrin náà. Ó ní tíì gbígbóná ló jó òun. Ẹ̀gún ròósì wá ya ojúgun rẹ̀ nínú ọgbà, ojú ọgbẹ́ náà kò pa dé. Glenys ń fi ìpara sí i, ó ń wé e, bí ó bá tú u, bákan náà ló máa ń bá a. Ó ti bá ẹran gbé, ó mọ̀ pé ọgbẹ́ tí kò jiná ń sọ nǹkan. Ó rántí ọ̀rọ̀ Ruwan. Ó sì ṣe ohun tí ọ̀pọ̀ nínú wa máa ṣe bí ohun tí a fẹ́ bá ń jà pẹ̀lú ohun tí a mọ̀: ó dín oúnjẹ náà kù. Kò dá a dúró.

Nígbà tí ewé bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ̀ dànù, Murray jáde sí ẹ̀yìn ilé irinṣẹ́ rẹ̀ láti pààrọ̀ ìkòkò àwọn òdòdó ọ́kíìdì rẹ̀. Ọdọọdún ló ń ṣe é. Gbogbo wa la mọ̀ pé wọ́n kọ ọ́ sára àpò iyẹ̀pẹ̀ òdòdó tí à ń rà pé kí a bo imú kí a tó tú u, gbogbo wa la sì ń tú u láìbo imú. Ó fi ọwọ́ rú u, eruku rẹ̀ bò ó lójú àti nímú. Kò pé ọ̀sẹ̀ méjì tí ikọ́ fi bẹ̀rẹ̀. Ibà tẹ̀ lé e, ó sì ń pe Glenys ní orúkọ ìyá rẹ̀. Wọ́n gbé e lọ sí ọsibítù.

Dókítà tó gbà á níbẹ̀ ń jẹ́ Nerida Falkiner. Ó ní kòkòrò àrùn kan tó máa ń gbé nínú iyẹ̀pẹ̀ inú àpò ló ti wọ ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀, pé àwọn mọ̀ ọ́n dáadáa, àwọn sì ní oògùn rẹ̀. Ohun tí kò yé òun ni bí ara Murray kò ṣe jà. Kerensa ti ti Kadina dé, ó dúró ní apá kejì bẹ́ẹ̀dì. Dókítà yíjú sí Glenys.

"Màmá, ó ṣe pàtàkì o. Ǹjẹ́ oògùn kan wà tó ń lò, yàtọ̀ sí ti ẹ̀jẹ̀ ríru? Ohunkóhun, kódà èyí tí ẹ rà fúnra yín?"

Glenys wo ọmọ rẹ̀. Ó ní, "Rárá. Ti ẹ̀jẹ̀ ríru nìkan ni."

Ó sọ fún mi pé bí ọ̀rọ̀ náà ṣe kúrò lẹ́nu òun ni òun ti fẹ́ gbé e padà. Ṣùgbọ́n Kerensa wà níbẹ̀, dókítà dúpẹ́, ó sì ti kọjá lọ. Ní ọ̀sán ọjọ́ kejì, ó sọ̀ kalẹ̀ lọ sí ibi tí wọ́n ń gbé mọ́tò sí, ó jókòó sínú mọ́tò, ó di ọwọ́ ìtọ́kọ̀ mú láìlọ síbì kan. Lẹ́yìn náà ó gòkè padà, ó wá dókítà kàn, ó sì sọ gbogbo rẹ̀: eku, káàdì búlúù, ẹ̀rọ kọfí, ọ́òtì. Nígbà yẹn, wọ́n ti fi ẹ̀rọ tó ń mí fún èèyàn sí Murray lẹ́nu. Dókítà kò jágbe mọ́ ọn. Ó pààrọ̀ oògùn kan, ó fi òmíràn kún un, ó pe àwọn ọ̀gá rẹ̀. Murray kú ní òpin ọ̀sẹ̀ náà láìlajú.

Glenys bi dókítà náà bóyá ì bá yè bí òun bá ti sọ òtítọ́ lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Dókítà ní àwọn tí kò jẹ oògùn kankan náà ń kú nínú àrùn yìí, pàápàá àgbà. Ó ní, "N kò lè sọ pé bẹ́ẹ̀ ni. N kò sì lè sọ pé bẹ́ẹ̀ kọ́." Èsì tí obìnrin náà gbà lọ sílé nìyẹn.

Ní ọ̀nà àbájáde ọsibítù ni Kerensa ti gbọ́. Kò sunkún. Ó dúró, ó ní, "Oúnjẹ eku, Mọ́mì? Oúnjẹ eku lẹ fún bàbá mi?"

"Mo fẹ́ kó dúró tì wá ni, Kerensa. Mo rí i tó ń ṣiṣẹ́. Ojú mi ni mo fi rí i."

"Ṣé ẹ bi í? Ṣé ẹ bi Dádì bóyá ó fẹ́?"

Kerensa wọ mọ́tò rẹ̀, ó padà sí Kadina, ó sì pẹ́ gan-an kó tó tún fóònù.

Lẹ́yìn ìsìnkú, Glenys fúnra rẹ̀ lọ bá Ruwan. Ruwan gbọ́ ọ tán, ó ní òun kò lè fi í pa mọ́, òun gbọ́dọ̀ sọ fún àwọn aláṣẹ. Glenys ní kó sọ. Wọ́n ṣe ìwádìí, Glenys sì fiṣẹ́ sílẹ̀ kí wọ́n tó ní kó máa lọ. Wọ́n fi àgádágodo sí ibi tí à ń kó àjẹkù sí, wọ́n pè wá jọ, wọ́n kìlọ̀ fún wa. Ní ọjọ́ Sunday kan, Ruwan mú ọbẹ̀ ẹ̀wà tí ìyàwó rẹ̀ sè lọ sílé Glenys. Èmi náà wà níbẹ̀. Ruwan kò jẹun, kò mu tíì. Ó ní, "Ẹ bi mí ní ìbéèrè, mo fi 'bóyá' dá yín lóhùn, mo sì sáré lọ sí ìpàdé. N kò tilẹ̀ rántí ohun tí ìpàdé yẹn dá lé mọ́. Ó yẹ kí n jókòó tì yín." Glenys ní kó má gbé ẹrù tí kì í ṣe tirẹ̀. Mo rí i pé méjèèjì ń gbé e síbẹ̀síbẹ̀.

Ìwádìí àwọn eku yọrí sí rere. Àwọn oníbúlúù pẹ́ ju àwọn onífunfun lọ, ọkùnrin àti obìnrin wọn. A jẹ kéèkì, àwọn ènìyàn ńlá wá kí Ruwan, ó bọ̀ wọ́n lọ́wọ́ bí ẹni tí ara rẹ̀ kò yá. Wọ́n sọ ọ́ lórí rédíò, sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ kan ń fi ṣe yẹ̀yẹ́ pé láìpẹ́ a ó máa gba bọ́ọ̀lù ní ẹni ọgọ́rùn-ún ọdún. Glenys ń gbọ́ ọ ní kíṣìnì rẹ̀ lọ́jọ́ yẹn. Kò pa rédíò náà. Ó fetí sí i títí dé òpin, ó ní, "Iṣẹ́ gidi ni Ruwan ṣe. Irọ́ kọ́ ni o." Ó wá sọ ohun tí n kò retí. Ó ní ohun tó ń dun òun ju ikú lọ ni pé ní gbogbo oṣù wọ̀nyẹn, òun ń wo Murray bí òun ṣe ń wo eku nínú àgò: ṣé ó rántí, ṣé ó súfèé, ṣé irun rẹ̀ ń dán. Òun kò kàn jókòó tì í kí àwọn jọ máa wo òdòdó. Àkókò tí òun ń wá kún ti Murray, òun kò lò ó.

Kerensa ti ń wá báyìí. Ní ọdún Àjíǹde, ó kó àwọn ọmọ rẹ̀ méjèèjì wá láti Kadina, ó sì gbé kúlà ńlá kan sọ̀ kalẹ̀ láti inú mọ́tò. Gbogbo oúnjẹ tí wọn yóò jẹ nílé ìyá rẹ̀ wà nínú rẹ̀, látorí búrẹ́dì títí dé mílíìkì tí àwọn ọmọ yóò mu. Glenys tẹ́ aṣọ sórí tábìlì, ó gbé àwo àti gíláàsì jáde, kò sì tan iná sítóòfù. Kerensa pín pásítì tó ti sè wá, mítípáì ńlá àwọn ará Cornwall, ó sì fi ọ̀kan sí àwo ìyá rẹ̀. Wọ́n jẹun. Wọ́n sọ̀rọ̀ òjò tí kò rọ̀ ní Kadina àti báálì tó ń gbẹ. Nígbà tí wọ́n jẹun tán, Glenys fọ àwo, Kerensa nù wọ́n.

Kí wọ́n tó máa lọ, ọmọ tó kéré jù béèrè bisikíìtì lọ́wọ́ ìyá ìyá rẹ̀. Glenys wo Kerensa. Kerensa ní àwọn ní bisikíìtì nínú mọ́tò.